Ọdún Tí Bàbá Mi Padà Wá Pè Mí

Tí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, àwọn ará àdúgbò mi ní Ìkìrun a máa gbà pé orí mi ti yí díẹ̀. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Obìnrin tó ti hewú, tó jókòó síwájú ilé, tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú àti eyín sára elégédé, tó ń gé páálí ṣe ìbòjú fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kí ni kí wọ́n pè é? Halowíìn ni àwọn òyìnbó ń pe ọjọ́ náà. Àwọn ọmọdé a múra bí òkú, bí àjẹ́, bí egungun gbígbẹ, wọn a máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, onílé a fún wọn ní súìtì, wọn a sì máa lọ. Lẹ́nu àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi láti òkè òkun ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí kọ́míìkì ni mo ń yà, ìtàn aláwòrán tí ojú ń kà láti inú àpótí kan bọ́ sínú òmíràn, ìtàn ẹ̀rù sì ni tèmi láti òkè délẹ̀. Ìyá Tóbi, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó tún jẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi eré ṣeré gbé ẹ̀mí burúkú wọ àdúgbò wa o." Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dé, Tóbi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi, tòun ti ìwo méjì lórí.

Ohun tí kò yé wọn ni pé èmi kò fẹ́ràn ẹ̀rù. Ojo ni mí, mo bẹ̀rù ju gbogbo wọn lọ. Bí iná bá lọ lójijì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ké. Ẹ̀rù tí mo fẹ́ràn ni èyí tó mọ ilẹ̀kùn kàn, tó máa ń gba ohun tó wá gbà, tó sì máa ń yí ẹ̀yìn padà. Irú ẹ̀rù yẹn ni àwọn àgbà kọ́ mi ní Òkukù lọ́dún tí bàbá mi kú, ẹ̀kọ́ náà sì kù díẹ̀ kó pa mí.

Káfíńtà ni bàbá mi, ní Ìkìrun níbí. Ibà tí a rò pé ibà lásán ni ló mú un lọ, kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán, ó ti bọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Màmí kó lọ sí agbo ilé bàbá mi ní Òkukù, kí Màmí lè ṣe opó lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. A wọ mọ́tò ní gáréèjì, a kọjá Inísà, Màmí gbé àpò irinṣẹ́ bàbá mi lé itan ní gbogbo ọ̀nà bí ẹni gbé ọmọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa agbo ilé náà ni ariwo rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ìgbálẹ̀ fi ń dún lójúde, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìró korobá nínú kànga, lẹ́yìn náà ni ọlọ tí wọ́n ń fi lọ ata. Àwọn ẹtù a máa ké lórí páànù bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fun fèrè lókèèrè, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á dáwọ́ ohunkóhun tó bá ń ṣe dúró, torí bàbá mi ti fìgbà kan sọ fún un pé òun máa gbé e wọ ọkọ̀ náà dé Èkó. Ilé náà gba gbogbo ẹ̀sìn. Múfú, ọmọ àbúrò bàbá mi tó jù mí lọ díẹ̀, ń lọ ilé kéwú. Màmí ń fèdè fọ̀ nínú yàrá láàárọ̀ àti lálẹ́. Bàbá Ọ̀jẹ̀, àgbàlagbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ni olórí àwọn tó ń gbé eégún ní agbo ilé wa. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹun.

Iṣẹ́ tèmi ni ẹ̀wà bíbó. Ìyá Àgbà ń din àkàrà tà, nítorí náà, abọ́ ẹ̀wà tí a ti rẹ sómi máa ń dúró dè mí lójoojúmọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí èèpo rẹ̀ á fi ṣí, màá da omi èèpo nù, màá tún bu òmíràn. Bí mo bá jókòó tí mo kàn ń wo ilẹ̀, Ìyá Àgbà á ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bó ẹ̀wà rẹ." Tí mo bá parí, màá ṣa èédú lẹ́yìn ààrò, màá lọ sẹ́yìnkùlé lọ yàwòrán sára ògiri. Èédú ni mo ti fi ń yàwòrán láti kékeré. Ní Ìkìrun, ara pákó bàbá mi ni mo máa ń yà á sí, pákó tó ti fá, tó ti dán, tí ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e. Bàbá mi á dúró, á wo pákó, á wo ọwọ́ mi. "Eléèédú ti dé o," ni yóò wí. "Èló ni ẹ ń ta àpò kan, mà?" Màmí á sì bú sẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Òun nìkan ló ń pè mí ní Eléèédú láyé yìí. Ní Òkukù, Àbẹ̀kẹ́ ni gbogbo ènìyàn mọ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni Ìyá Àgbà ti sọ ọ́ fún mi. Àṣà ilé wọn ni pé bí àgbà ọkùnrin kan bá kú, nígbà ọdún eégún tó bá tẹ̀lé e, òkú náà á jáde fúnra rẹ̀ wá dágbére. Á wọ aṣọ funfun láti orí délẹ̀, á gbé ẹ̀wù kan tó ń wọ̀ nígbà ayé rẹ̀ lé e lórí. Á pe àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè á jẹ́ ẹ, á gbé oúnjẹ tàbí owó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òkú náà á súre fún un, á sì lọ pátápátá. Ìyá Àgbà ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

"Bí ó bá ti pè ọ́, kó o tètè jẹ́ ẹ o," ó ní. "Òkú tí ọmọ rẹ̀ kò bá jẹ́ ìpè rẹ̀ kì í rí ọ̀nà lọ. Ẹnu ọ̀nà ni yóò máa dúró sí, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn."

Mo ru ọ̀rọ̀ náà wọlé tọ Màmí lọ. Ó ń ká aṣọ. Ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó di apá mi mú débi pé ó dùn mí.

"Gbọ́ mi dáadáa. Bí ohunkóhun bá pè ọ́ níta yẹn, o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ṣé o gbọ́? Ẹni tí òkú bá pè tó bá jẹ́ ẹ, ó ti bá a lọ nìyẹn."

"Ṣebí bàbá mi ni, mà?"

"Bàbá rẹ wà lọ́dọ̀ Olúwa. O ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ."

Báyìí ni ẹ̀rù ṣe há mi sáàárín. Bí mo bá jẹ́ ẹ, màá kú. Bí n kò bá jẹ́ ẹ, bàbá mi tí kì í fẹ́ kí òjò pa pákó rẹ̀, òjò á máa pa òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí ayé. Mo tọ Múfú lọ pé kó gbà mí nímọ̀ràn. Ó ronú títí. Ó ní, "Tó o bá jẹ́ ẹ, wàá kú. Tó ò bá jẹ́ ẹ, orí ẹní kan náà lẹ ó jọ máa sùn. Wàláhì, àánú rẹ ṣe mí." Ó wá béèrè bóyá mo lè fi àkàrà mi sílẹ̀ fún òun. Mo gbé e fún un. N kò lè jẹun mọ́ nígbà náà, iyọ̀ pàápàá kì í dùn lẹ́nu mi. Bí ewé máńgòrò bá já lulẹ̀ lẹ́yìn mi, ìdí mi á ti kúrò nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tí mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, màá kọ́kọ́ yẹ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó ń mí.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀wù náà. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ kan ni, èyí tí bàbá mi ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí Màmí lẹ àpò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dúdú ju ara ẹ̀wù lọ. Mo jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ìyá Àgbà ti fọ̀ ọ́. Atẹ́gùn fẹ́, àyà ẹ̀wù náà sì wú, apá rẹ̀ méjèèjì gbéra díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí bàbá mi bá fẹ́ gbé mi. Ọwọ́ mi ti nà sí i kí n tó mọ̀. Ni mo bá figbe ta, mo sá gba inú ọgbà iṣu kọjá, mo sì jókòó sẹ́yìn ògiri títí oòrùn fi wọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ro ìmọ̀ràn tèmi. Màá jẹ́ ẹ nínú ikùn. Màá pa ẹnu mi dé, màá sọ pé "Bàbá mi, mo wà níbí" nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí bàbá mi á ti gbọ́, tí ikú kò sì ní gbọ́. Mo fi kọ́ra lójoojúmọ́. Bí mo bá ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́, màá di ètè pọ̀, màá jẹ́ ìpè tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ìyá Àgbà rò pé inú ń run mí, ó fún mi ní àgbo mu.

Ọjọ́ náà pé. Láti òwúrọ̀ ni òórùn epo gbígbóná ti gba gbogbo agbo ilé: àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ nínú ewé. Oòrùn ń ràn dáadáa, kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run, n kò sì gbà gbọ́ pé ohun burúkú lè ṣẹlẹ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmí ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́rí látinú, mo ń gbọ́ ọ tó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ó ti gbìyànjú láti fà mí mọ́ra wọlé, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti di ọwọ́ mi kejì mú, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo nìyí. Ta lo fẹ́ kó pè?" Màmí sì jọ̀wọ́ mi. Mi ò tíì gbàgbé bí ìka rẹ̀ ṣe yọ kúrò lọ́wọ́ mi. Gbogbo obìnrin ilé kúnlẹ̀ lójúde, mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, abọ́ àkàrà wà níwájú mi. Bàbá Ọ̀jẹ̀ kígbe lẹ́yìnkùlé. Àwọn ẹtù tó ń ké lórí páànù dákẹ́.

Ó yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó funfun, ó ga, kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi sì wà lọ́rùn rẹ̀ tòun ti àpò tí Màmí lẹ. Ọmọ tó bá gbọ́n mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ eégún, ọmọ tó bá tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í sọ ọ́, èmi náà kò ní sọ ọ́ níbí. Mo kàn ń sọ pé gbogbo ọgbọ́n tí mo ní sá kúrò lórí mi. Ohùn rẹ̀ há, ó jìn, bí ẹni tí erùpẹ̀ wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà jẹ́ ẹ, ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun náà súre fún un. Ó wá yí orí tí kò lójú náà sí ọ̀dọ̀ mi.

"Eléèédú," ó ní.

Mo ti múra sílẹ̀ de Àbẹ̀kẹ́. N kò múra sílẹ̀ de èyí. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ yẹn ní Òkukù, ẹnì kan kò pè é níbẹ̀ rí. Bàbá mi ni. Òun ni lóòótọ́, ó ti wá.

"Eléèédú. Eléèédú mi dà?"

Mo wá ikùn mi, n kò rí ohun kankan níbẹ̀. Omi gbígbóná ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi, ó ń rin ilẹ̀ lábẹ́ orúnkún mi. Ẹnu mi ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́, mo fẹ́ jẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo ara mi, bó bá tilẹ̀ máa gbé mi lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ni ilẹ̀kùn Màmí bá gbá ògiri. Ó jáde láìwé gèlè, láìwọ bàtà, ó fo abọ́ àkàrà kọjá, ó dúró láàárín èmi àti aṣọ funfun náà.

"Mo ti jẹ́ ẹ!" ó pariwo. "Èmi ni mo jẹ́ ẹ! Bàbá Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi!"

Aṣọ funfun náà dúró. Ó wá gbé ọwọ́ tí aṣọ bò sókè lórí Màmí, ó ní kó pẹ́, kó tọ́ ọmọ rẹ̀ dalẹ́, ojú kò ní tì í. Ó yí ẹ̀yìn padà. Ìyá Àgbà ń ké tẹ̀lé e pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó máa bá wọn jẹ. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo rí kẹ́yìn, ibi tí òógùn ọdún púpọ̀ ti sọ di funfun. Bàbá Ọ̀jẹ̀ wá bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí nínú ìtọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó fà mí dìde. "Bí ọmọdé bá dé ibi ẹ̀rù, ẹ̀rù á bà á," ó ní. "Lọ wẹ̀."

Nígbà tí a padà sí Ìkìrun, ìbẹ̀rù mìíràn bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ní ariwo. Màmí ti jẹ́ ìpè òkú, àwa méjèèjì sì mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nípa ẹni tó bá jẹ́ ẹ. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi bí mo ṣe lè di irun ara mi. Ó kọ́ mi ní ìrẹsì sísè, bẹ́ẹ̀ n kò tíì tó ẹni tó ń dáná. Bí orí bá fọ́ ọ, á jókòó, á máa wò mí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án tí mo bá a tó sùn, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀ títí màá fi mọ èémí. Àsìkò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya eégún náà. Ara pákó tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo yà á sí: nínú àpótí àkọ́kọ́, ó ń bọ̀, nínú èyí tó tẹ̀lé e, ó dúró, nínú èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. Mo rí i pé bí mo bá ti fa ìlà yí i ká, kò lè ṣe ju pé kó bọ́ sínú àpótí kejì, bí àpótí bá sì tán, ó gbọ́dọ̀ lọ. Iṣẹ́ tí mo ṣì ń ṣe jẹun títí di òní nìyẹn. Màmí kò kú. Ó tọ́ mi dalẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún un, ojú kò sì tì í, àfi nítorí Halowíìn mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, ẹsẹ̀ ń dùn ún, rédíò ṣọ́ọ̀ṣì kì í kúrò létí rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, á wọ yàrá rẹ̀ lọ, á tì í mọ́rí.

Ìtàn Òkukù yìí ni àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi ní kí n yà sínú ìwé tí mo ń ṣe lọ́wọ́, tó máa jáde fún Halowíìn. Mo yà á tán, ó ku ojú ìwé kan ṣoṣo, ibi tó ti pè mí. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Halowíìn gan-an lọ́dún yìí, súìtì ti wà nínú abọ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo gbé iṣẹ́ náà lọ bá Màmí lórí àga rẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó ń wò ó lọ. Nígbà tó dé ojú ewé tó ṣófo, ó fọwọ́ lé e.

"Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó ń yọ mí lẹ́nu, mà," mo ní. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún wọn?"

Ó pa rédíò.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ó ní. "Ìyá Àgbà bi mí léèrè orúkọ tí bàbá rẹ fi ń pè ọ́ nínú ilé. Mo sọ fún wọn."

"Ẹ̀yin, Màmí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. N ò sọ pé n ò fẹ́ gbọ́ ọ." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ilé yẹn dákẹ́ jù lẹ́yìn tó lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹnu kan tún pe Eléèédú kí n gbọ́. Mo mọ̀ pé ènìyàn ni yóò pè é. Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbàdúrà, mo ń dúró dè é."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ sáré jáde?"

"Ó pè é," Màmí ní, "mo sì gbàgbé pé èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn."

Ilẹ̀kùn dún. Àwọn ọmọ àdúgbò ti dé, mo ń gbọ́ ìbòjú páálí tó ń gbá ara wọn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n fi ọwọ́ bò. Ọ̀kan nínú wọn, mo rò pé Tóbi ni, sọ ohùn rẹ̀ di ńlá, ó sọ ọ́ di jíjìn. "Ará ọ̀run dé o! Ẹni tó wà nílé, ẹ jẹ́ wa o!"

Mo fẹ́ dìde. Màmí tẹ̀ mí lórúnkún padà. Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó fi gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àga, ó gbé abọ́ súìtì mọ́ àyà, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Ó ku bí ìṣísẹ̀ méjì kó dé ìdí ilẹ̀kùn nígbà tó dáhùn.

"Mo ń bọ̀ o," ó ní. "Ẹ má tíì lọ."